Òkú Tó Ń Rẹ́rìn-ín Lójú Títì

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a gbé òkú Tau Risal gba abẹ́ àwòrán ara rẹ̀ kọjá. Àwòrán náà ga ju ilé alájà lọ. Tau wé láwàní funfun níbẹ̀, ó na àtàǹpàkò sókè, gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló wà níta, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: "Wọn ò la ikùn mi! Láàárín ọjọ́ méjì, mo ti dé ilé!" Àwọn ọkùnrin tó ru òkú náà dúró láti pààrọ̀ èjìká. Abẹ́ pátákó yẹn gan-an ni wọ́n dúró sí, nítorí kò sí òjìji mìíràn lójú títì. Mo gbójú sókè, Tau ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbójú wálẹ̀, Tau ló wà nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi okùn dì mọ́ igi. Wọ́n ní obìnrin kì í tẹ̀lé òkú dé ibi tí wọ́n ti ń sun ún. Mo gbọ́ wọn, mo sì tẹ̀lé e.

Ilé ìwòsàn tó gbé pátákó náà sójú títì ni gbogbo wa ń pè ní Ilé Onídígí, nítorí dígí ni wọ́n fi bò ó láti òkè dé ilẹ̀. Orúkọ tó wà lára ògiri rẹ̀ gùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní bá wọn polówó. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ẹbí ṣì ń ṣa egungun Tau nínú eérú, Ilé Onídígí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ìwé ìròyìn. Wọ́n ní ikú náà dun àwọn. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kò lábùkù. Wọ́n ní ohun tó pa bàbá náà ni pé àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ kí "arúgbó aláìmọ̀kan kan" máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nínú.

Arúgbó aláìmọ̀kan náà ni Tai Bharpai, ìyàwó rẹ̀: bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni ní Tau nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ là ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Tai.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí gbólóhùn kan péré lè ṣe ní abúlé bíi Jhinwali? Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kà á sókè nídìí húkà, ìkòkò tábà tí àwọn ọkùnrin jọ máa ń fà, wọ́n sì ti tún un kà fún àwọn tí kò gbọ́ dáadáa. Àwọn ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ máa ń yà bu wàrà kíkan lọ́dọ̀ Tai láràárọ̀. Wọn ò yà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé ọwọ́ yẹn náà lẹ fi po ó? A ti yó o, ẹ ṣeun."

Mo lọ kí Tai. Ó jókòó nílẹ̀, ó fa ìborí bojú, ó sì fi àkísà wé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ roboto.

"Tai, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Kò ṣe mí nǹkan kan, Munesh."

"Àkísà wo wá nìyẹn?"

"Má bi mí, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ máa rí i ni."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn ire. Àwọn tó pa ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé tútù, wọ́n ń mu kọfí, obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kì í ṣe láti kẹ́dùn. Mo ti kẹ́dùn tán. Ẹ̀san ni mò ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n pa. Bọ́ọ̀sì ìjọba ni Tau Risal ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sí bàbá kan ní abúlé wa tó fẹ́ kí ọmọbìnrin òun lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kì í ṣe ìwé ni wọ́n ń bẹ̀rù, ọkọ̀ ni: àwọn ọmọkùnrin tó ń fara gbún ni, tó ń kọrin ìsọkúsọ síni létí. Tau gbé kùmọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwakọ̀ rẹ̀, ó sì kéde pé gbogbo ìjókòó iwájú ti di ti àwọn ọmọ òun obìnrin. Kò bí ọmọ obìnrin. Kò tilẹ̀ bímọ rárá. Àwa ló ń pè bẹ́ẹ̀. Bó bá dé oríta abúlé kọ̀ọ̀kan, á tẹ fèrè ọkọ̀, á sì pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí pariwo.

"Tau, ṣé ìyàwó tuntun lẹ̀ ń dúró dè ni?"

"Ọmọ mi ni, ó ń wá bàtà rẹ̀ kejì. Ẹni tó bá ń kánjú kó sọ̀ kó máa sáré lọ. Bó bá débẹ̀ ṣáájú mi, kó bá mi kí wọn."

Bàbá mi, tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, wá ní òfin kan ṣoṣo. "Bó bá jẹ́ Risal ló wà á, máa lọ. Bí kò bá ṣe òun, padà sílé wá bọ́ ẹfọ̀n." Bí a ṣe kàwé nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa di ọlọ́pàá, ọ̀kan ń kọ́ni ní ìṣirò, èmi wá di aláwàdà yìí tó ń fi bírò jà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí, fèrè ọkọ̀ Tau ló bí i.

Òkúta inú kíndìnrín ni wọ́n ń wá lára rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n fi rí ohun mìíràn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn sọ̀kalẹ̀ gba inú ikùn ti wú níbì kan. Húkà tó ti ń fà láti ìgbà èwe wà lára ohun tó fà á, kò sì jiyàn. Ó ṣàlàyé àìsàn náà fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. "Ẹ mọ táyà tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí túùbù wá ń yọ gẹ̀gẹ̀ níbẹ̀? Ohun tó wà nínú mi nìyẹn. Bó bá bẹ́, kò sí fọ́kànáísà tó máa lẹ̀ ẹ́."

Ilé Onídígí ní kó fọkàn balẹ̀. Wọn ò ní la ikùn rẹ̀. Ihò kékeré méjì ni wọ́n máa dá síbi tí itan ti so mọ́ ara. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ti ọ̀pá kan tí wọ́n fi aṣọ àti wáyà ṣe gòkè nínú iṣan. Bó bá dé ojú ibi tó wú, á là bí agboòrùn, á di ògiri tuntun, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó sì yọrí sí rere ní ọjọ́ náà. Tau ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún ní gbogbo agbègbè wa, nítorí náà àwọn ayàwòrán pọ̀ ní yàrá rẹ̀ ju nọ́ọ̀sì lọ. Dókítà Suket, ọ̀gá wọn, dì mọ́ ọn níwájú kámẹ́rà, ó ní, "Tau, ẹ ti padà di ọmọ ogójì ọdún."

Ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n sọ fún un kó tó máa lọ. Ọ̀pá aṣọ yẹn lè yẹ̀ kúrò lójú àyè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jò wọ inú ibi tó wú, kó tún máa wú lọ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n bá fi í sí nínú fi gbọ́dọ̀ máa padà wá lọ́dọọdún, kí wọ́n yàwòrán inú rẹ̀, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ta ni wọ́n wá sọ fún? Mo lọ bi agbẹnusọ wọn, ọmọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ.

"Màdáámú, a sọ fún ẹbí."

"Ta ni nínú ẹbí?"

"Olórí ẹbí fúnra rẹ̀. Bàbá kan tó wé láwàní ńlá."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Háà, màdáámú. A kì í béèrè orúkọ àgbàlagbà."

Ẹ̀yin ará Jhinwali, ẹ ti mọ ẹni tó ń sọ. Láwàní wo ló tún tóbi tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Chaudhary Tek Ram ni, olórí abúlé wa, tí kò bá Tau tan, tí kò sì bá a wá. Ó gbọ́ pé àwọn ayàwòrán wà níbẹ̀ ni. Dókítà Suket wo yàrá yíká, ó rí láwàní tó tóbi jù lọ, ó sì bá láwàní sọ̀rọ̀. Tai Bharpai jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìborí bojú, ó sì ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Ta ló ń bá ìborí sọ̀rọ̀?

Mo bá Tek Ram nídìí húkà rẹ̀.

"Chaudhary, ṣé lóòótọ́ ni dókítà bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Ó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọmọ tó mọ àgbà ni."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí Risal máa padà wá... Lọ́dọọdún ni àbí lóṣooṣù? Ó sọ nǹkan kan bẹ́ẹ̀."

"Ta lẹ wá sọ ọ́ fún?"

"Munesh, ṣé èmi ni mo bí Risal ni?"

"Kí ló dé tí ẹ fi ń mi orí pé ẹ ti gbọ́ nígbà náà?"

"Wọ́n ń yà wá ní fọ́tò! Ṣé kí n máa wò bí ère ni?"

Ẹ wò ó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà, ó ń wá ibi tí kámẹ́rà wà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Tau fi gbé ọ̀pá yẹn nínú, tó ń jó níbi ìgbéyàwó, tó ń gbé koríko ẹfọ̀n, tó ń na àtàǹpàkò sí gbogbo ẹni tó bá ní òun rí i lójú títì. Ilé Onídígí mọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Wọ́n pè é nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò pátákó. Wọ́n tún pè é nígbà tí mínísítà kan wá ṣèbẹ̀wò, pé kó wá gbé òdòdó dání. Fún àyẹ̀wò, wọn ò pè é rí.

Ní nǹkan bí oṣù kan kó tó kú ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí ro ó. Tai sọ ọ́ fún mi bó ṣe lọ. Àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ilé Onídígí, wọ́n sì jókòó títí wọ́n fi pè wọ́n sọ́dọ̀ dókítà ọ̀dọ́ kan.

"Tau, kí ló ṣe yín?"

"Ẹ̀yìn ń ro mí, inú sì ń lù kìkìkì bí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú."

"Gáàsì ni. Kí lẹ jẹ?"

"Ọmọ mi, ẹ ti fi nǹkan sínú mi níbí o. Wo ìta." Tau nawọ́ sí irú pátákó kan náà tí wọ́n gbé síwájú ilé ìwòsàn, tó hàn gbangba lójú dígí. "Èmi nìyẹn."

Dókítà wo pátákó, ó wo Tau, ó bú sẹ́rìn-ín. "Áà, ẹ̀yin gan-an ni! Ẹ̀yin ni ìpolówó wa. Tau, ìpolówó kì í ṣàìsàn."

Ó wá gbé ọwọ́ lé e ní ikùn. Ìlù tó ń lù níbẹ̀ lágbára, kò sì sí lójú ìdodo mọ́. Ọmọ agbègbè wa ni dókítà náà, ìyá rẹ̀ ti tẹ òun náà ní ikùn rí. Ta ni kò mọ dharan, ìlù ojú ìdodo, láàárín wa? Bí inú bá ń run èèyàn, a ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí ìlù ń lù sí. Bó bá ti yẹ̀ kúrò lójú ìdodo, a ó fi òróró fà á padà láàárọ̀ kí onítọ̀hún tó jẹun, a ó sì so òwú dúdú mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló jáde lẹ́nu ọmọ tó wọ aṣọ funfun yẹn.

"Dharan yín ló yẹ̀, Tau. Tai, ṣé ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á padà ni, tí ẹ fi wọ́ bàbá wá síbí?"

Tai dáhùn lábẹ́ ìborí. "Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

"Ó tán. Ẹ máa lọ sílé."

Ẹ tún un kà, ẹ̀yin tí ẹ ń pe Tai ní apànìyàn. Iṣan tí Ilé Onídígí fi wáyà sí nínú ló ń lù lábẹ́ ọwọ́ dókítà Ilé Onídígí, ó sì ní kí wọ́n lọ fi òróró pa á nílé. Ẹ̀rọ ayàwòrán inú wà ní yàrá kejì. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ni Tai ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, pẹ̀lú òróró mọ́sítádì tó gbé yáná, nítorí dókítà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, àti nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe nǹkan kan. Tau á máa ṣàwàdà fún un. "Bharpai, rọra. Ikùn ni o, kì í ṣe ìyẹ̀fun." Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì onókùn rẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ní kí wọ́n bá òun tún iná húkà ṣe. Ó dìde kó wọ bàtà. Ó tún jókòó. Ó di ikùn mú, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Bharpai, ó ti bẹ́." Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, ojú rẹ̀ ti funfun, ó ti lọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ dókítà kan lọ ní Delhi, obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an. Kò bú iṣẹ́ náà, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá fi í sí nínú, èmi àti ẹ̀ ti di ọkọ àti aya," ló wí. "Kò sí ìkọ̀sílẹ̀. Bí kò bá wá, èmi ni mo máa wá a lọ." Mo bi í bóyá àtàǹpàkò arúgbó lè bẹ́ iṣan náà. Ó ní òkú ti jó, kò sí ẹni tó lè búra mọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wú dé ibi pé ó ń ro èèyàn dé ẹ̀yìn, ikọ́ lè bẹ́ ẹ. Dídìde lè bẹ́ ẹ. Kí ló dé tí wọn ò pe ikọ́ lẹ́jọ́?"

Èmi wá ní tèmi láti fi kún un. Ká tilẹ̀ gbà pé àtàǹpàkò ni. Ta ló rán àtàǹpàkò níṣẹ́?

Nínú eérú, ní ọjọ́ kẹta, àbúrò Tau rí ohun kan tí kì í ṣe egungun: wáyà dúdú tó hun ara wọn yípo, bí àgò adìyẹ kékeré. Aṣọ ara rẹ̀ ti jó tán, wáyà kò jó. Wọn ò mọ ohun tí wọn ó fi ṣe. Egungun ń lọ sí odò mímọ́ Ganga, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe Risal. Tai ní kí wọ́n gbé e wá. "Ohun olóhun ni," ló wí. "Wọ́n máa wá gbà á." Ó wà nínú àwo irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ báyìí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi gbé e. Kò wúwo.

Dókítà Suket, wá gba ẹrù rẹ. Má rán agbẹnusọ, má rán lọ́yà. Bọ́ bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà, jókòó sílẹ̀ bí Tai ṣe jókòó sílẹ̀ nílé ìwòsàn rẹ lọ́jọ́sí, sọ fún un níṣojú àwọn ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló pa ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni kí o ti gba wáyà náà, lẹ́yìn tó bá ti tú àkísà kúrò. Mú ọmọ tó ń fi aláìsàn rẹ́rìn-ín yẹn dání wá. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ lọ rojọ́ níwájú àwọn tó fún yín ní ìwé àṣẹ ìṣègùn, nítorí a ti kọ̀wé sí wọn, ọlọ́pàá tó wà nínú wa ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ. Ìwọ náà, Chaudhary Tek Ram, o mọ̀ pé bí ọkùnrin bá ṣẹ̀ nílẹ̀ wa, á ṣí láwàní rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀, á fi tọrọ àforíjì. Lẹ́sẹ̀ Tai ni a ti fẹ́ rí tìrẹ. Bó ṣe tóbi tó yẹn, kò ní pẹ́ kó tó bò ó.

Àwọn yòókù tí ẹ ti fi wáyà sí nínú lẹ́yìn Tau ńkọ́? Wọ́n wà káàkiri agbègbè yìí, wọ́n ń fa húkà, wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ ọmọ wọn pé àwọn ti sàn. Èwo nínú wọn ni ẹ̀yìn ń ro lónìí? Ẹ pè wọ́n padà. Ẹ lọ sí oríta wọn, ẹ tẹ fèrè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi rí bàtà wọn kejì.

Mo gbọ́ pé ẹ ti rán àwọn òṣìṣẹ́ láti wá já pátákó náà lulẹ̀. Wọ́n débẹ̀ lánàá, wọ́n gbé àkàbà dání. Wọ́n bá wa lábẹ́ rẹ̀, àwa ọmọ Tau, olùkọ́ ìṣirò, ọlọ́pàá, èmi àti àwọn tó kù, a jókòó sí òjìji rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ wa. Wọ́n ní ká kúrò. A ní kí wọ́n lọ sọ fún ọ̀gá wọn pé a ò kúrò, pé pátákó ò sì ní kúrò, títí wọ́n á fi kọ ọjọ́ tí Tau kú sí i, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí kò pè é padà sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ máa pẹ́ níbí o," ọ̀kan nínú wọn wí.

Kò mọ irú ẹni tó tọ́ wa. Ọkùnrin tó wà lókè yẹn ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dúró de èèyàn. Ìfẹ́ ló fi dúró dè wá. Dókítà, àwa náà ń dúró dè ọ́ báyìí, kì í sì í ṣe ìfẹ́ la fi ń dúró.